Ìwé tó ń sọ ìtàn Fẹlá: èwo ló ti já yín kulẹ̀ rí?

Ońkàwé Alẹ́: Ẹ kú ilé o. Ìwé ìtọ́kasí mẹ́ta ló wà níwájú mi lórí Fẹlá. Ọ̀kan ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1997 ló kú, èkejì ní ọjọ́ 3, ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dárúkọ ọjọ́ kankan. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Báwo lẹ ṣe mọ èyí tẹ́ ẹ gbà gbọ́?

Ọmọ Lísàbí: Ọjọ́ 2 ló kú. Ọjọ́ 3 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè, kéde rẹ̀ fáwọn oníròyìn, tó sì là á mọ́lẹ̀ pé àrùn AIDS ló fà á. Ẹni tó kọ ọjọ́ 3 kò purọ́, ọjọ́ tí aráyé gbọ́ ló kọ.

Ońkàwé Alẹ́: Háà! Ẹ ṣé o. Mo ti fẹ́ gbé ìwé yẹn sọnù.

Tíṣà Àgbà: Má gbé e sọnù o, àbúrò. Jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo kọ ọ́ síwájú pátákó fáwọn ọmọ kíláàsì mi pé ọdún 1977 ni Zombie, àwo tí Fẹlá fi bú sójà, jáde, torí bó ṣe wà nínú ìwé ńlá kan nìyẹn, páálí ẹ̀yìn rẹ̀ le bí igi. Bàbá ọmọ kan wá bá mi. Ó ní òun ti ra àwo náà kí sójà tó dáná sun Kalakuta, ilé Fẹlá, ìyẹn ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977. Mo bá a jiyàn! Ìwé ni mo dì mú, ẹnu lásán lòun dì mú. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé 1976 ló jáde ní Nàìjíríà, 1977 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ òǹkọ̀wé ló kà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún kan lásán ló dùn mí níbẹ̀. Ẹni tó bá gba 1977 gbọ́ máa rò pé ilé tí wọ́n sun ló mú Fẹlá kọrin bú sójà, orin sì ló ṣáájú iná. Mo wá bàbá yẹn lọ sílé láti tọrọ àforíjì.

Aláwo Orin: Ẹ̀yìn páálí àwo nìkan ni mo gbà gbọ́.

Tíṣà Àgbà: Páálí wo? Ti àkọ́kọ́ àbí èyí tí wọ́n tún tẹ̀?

Aláwo Orin: Ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ sì wo bébà róbótó tó wà láàárín àwo fúnra rẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń pààrọ̀ páálí.

Ìyá Ìbejì: Èyí tó dùn mí jù ni ti Eko Ile, orin 1973. Ìwé kan kọ ọ́ láìsí àmì, ó wá túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀kọ́ ilé. Èkó Ilé ni o! Èkó, ìlú! Ká ní òǹkọ̀wé náà gbọ́ àwo yẹn lẹ́ẹ̀kan péré pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ Yorùbá.

Aláwo Orin: Fẹlá ló wá ń kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ilé 😂😂

Ìyá Ìbejì: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá kí n tó rí i. Láti ìgbà náà, àkọlé orin Yorùbá ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó bá ṣi ìyẹn, kí ló kù tí kò ní ṣì?

Adúláwọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ti ìyá Fẹlá, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ńkọ́? Gbogbo ìwé ló ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà.

Ọmọ Lísàbí: Òótọ́ ni. Gbogbo Ẹ̀gbá ló mọ̀.

Tíṣà Àgbà: Ọdún wo? Mọ́tò ta ni? Ta ló rí i? Mo ti wo ìwé bíi mélòó kan, gbólóhùn kan náà ni wọ́n ń dà kọ lára ara wọn. Bí èèyàn mẹ́wàá bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan, ẹlẹ́rìí kan náà ni.

Ọmọ Lísàbí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ rọ́ màmá wa sẹ́yìn. Ìjà owó orí tó jà pẹ̀lú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949, ṣé àhesọ nìyẹn náà?

Tíṣà Àgbà: Rárá o. Ìyẹn wà nínú ìwé ìjọba, ó wà nínú ìwé ìròyìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ tó láti fi yìn ín.

Ọmọ Lísàbí: Mo gbọ́. Àmọ́ màá ṣì bi ìyá àgbà mi.

Adúláwọ̀: Mo ti kà á pé ọjọ́ tí sójà jù ú láti ojú fèrèsé ní Kalakuta náà ló kú.

Ìyá Ìbejì: Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1978 ló kú, ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà. Ìwé tó bá sọ pé ọjọ́ kan náà ni, ẹ pa á dé.

Onílù: Kò sẹ́ni tó bèèrè àwọn tó ń lùlù. Tony Allen, onílù Fẹlá, ni wọ́n máa ń fi gbogbo ìlù lé lórí, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn eré Berlin ní 1978 ló fi ẹgbẹ́ Fẹlá sílẹ̀. Àwọn tó lù ú lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Èyí máa ń dùn mí gan-an.

Ońkàwé Alẹ́: Ẹ̀gbọ́n Onílù, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ìwé tí kò dárúkọ ọjọ́ ikú yẹn ló to orúkọ àwọn onílù sábẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan.

Onílù: Ojú ewé wo? Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá.