Láptọ́ọ̀pù kékeré fún ọmọ tó wọlé sí Lọ́kọ́jà: èwo ni kí n fi owó káṣú rà?

Ìyá Dámi, Ìsánlú

Òkun o, gbogbo ilé. Ọmọ mi ọkùnrin ti rí ààyè ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Lọ́kọ́jà. Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé ló fẹ́ kà. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń ra láptọ́ọ̀pù. Mo ti ya 220,000 náírà sọ́tọ̀ nínú owó káṣú ọdún yìí, kò sì sí kọ́bọ̀ tí màá fi lé e, torí owó ilé-ìwé àti owó yàrá ṣì ń dúró dè mí.

Èyí tó kéré ni mo fẹ́, tí yóò wọnú báàgì tó ń gbé kọ́ èjìká báyìí. Yàrá tí a gbà fún un kò sí nínú ọgbà ilé-ìwé, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò máa wọ̀ lọ tí yóò máa wọ̀ bọ̀.

Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí oníkálukú ń sọ fún mi. Ọmọkùnrin tó ń ta fóònù ládùúgbò wa ní òun á bá mi wá tuntun, inṣi 11, tó ṣì wà nínú páálí. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní Àbújá ní kí n ra Chromebook, pé kò wọ́n. Dámi fúnra rẹ̀ ń fi àwòrán ọ̀kan tí kíbọọ̀dù rẹ̀ ń tan iná pupa hàn mí. Ìyẹn, mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe ìwé kíkà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹni ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ò mọ RAM, èmi ò mọ SSD.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ kú oríire mà. Tuntun ni kí ẹ rà o. Ẹ ò mọ ọwọ́ tó ti lo tòkunbọ̀ kó tó dé Nàìjíríà. Tuntun ní gàràǹtì, ọkàn yín á balẹ̀.

Onísódà Kàbbà

Ìyá Dámi, ẹ kú oríire, ẹ sì kú ìnáwó. Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe ní Kàbbà, ohun tó ń dé orí tábìlì mi ni màá fi dá yín lóhùn.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, tuntun ju tuntun lọ. Ẹ yí páálí tuntun olówó pọ́ọ́kú yẹn padà kí ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Celeron, ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò lágbára, lẹ ó bá níbẹ̀, pẹ̀lú RAM 4GB, àti ibi ìpamọ́ 32GB tàbí 64GB tí wọ́n ń pè ní eMMC. Bẹ́ẹ̀ Windows 11, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, nìkan ń béèrè 64GB kó tó gbà láti jókòó. Kí ọmọ tó kọ lẹ́tà kan, ilé ti kún. Wọ́n sì ti fi sódà lẹ eMMC yẹn mọ́ bọ́ọ̀dù, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n lẹ RAM rẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú. Àwọn òbí máa ń gbé e tọ̀ mí wá pé kí n bá wọn fi kún un. Kí ni n ó fi kún? Kò sí ojú ibi tí n ó fi nǹkan sí. Gàràǹtì ò lè gbà á sílẹ̀, torí kò sí ohun tó bà jẹ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Kí ó lè yé yín: ibi ìpamọ́ ni àká iṣu, RAM ni odó. Bí iṣu bá kún àká bámúbámú, tí odó bá kéré, ìwọ̀nba iyán náà ni yóò máa jáde lẹ́ẹ̀kan. RAM 8GB ni kí ẹ bèèrè, ẹ má ṣe gbà 4GB. Ibi ìpamọ́, SSD 256GB. Bí wọ́n bá ní háàdì dísìkì 500GB ni, pé ó pọ̀ ju 256 lọ, ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín. Háàdì dísìkì ń yí bírí-bírí nínú, ó ń lọ́ra, ó sì kórìíra kí kẹ̀kẹ́ máa já sí kòtò pẹ̀lú rẹ̀. SSD kò ní ohun tó ń yí.

Èyí tí èmi á rà fún àbúrò mi ni tòkunbọ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lò kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. HP EliteBook 830 G5, Dell Latitude 7290, Lenovo ThinkPad X280. Inṣi 12.5 ni Dell àti Lenovo yẹn, HP jẹ́ 13.3. Ìwọ̀n wọn lé díẹ̀ ní kìlógíráàmù kan. Wọ́n ṣe wọ́n fún àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà rìn lójoojúmọ́, ara wọn le, kíbọọ̀dù wọn dùn tẹ̀. EliteBook yẹn ló rọrùn jù fún mi láti tú, torí RAM rẹ̀ ṣeé yọ, ojú méjì ló ní. Ti X280 ni wọ́n lẹ̀ pa, nítorí náà tí ẹ bá máa rà á, 8GB ni kó ti jẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwọn tó ń tà kì í sábà sọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Windows 11 ló kù, òun sì ń ṣà: nínú àwọn ọpọlọ Intel Core tó wà nínú tòkunbọ̀ wọ̀nyí, láti ìran kẹjọ lọ sókè ló ń gbà. Wọ́n á kọ ọ́ bíi i5-8250U. Nọ́mbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé àmì dáàṣì yẹn ni ìran rẹ̀. 8 lẹ ń wá. Àwọn kan máa ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé Windows 11 wọ inú ìran kẹfà, yóò ṣiṣẹ́ o, àmọ́ Microsoft ò ṣe ìlérí kankan fún un.

Èyí tó ń tan iná pupa, kò sí nínú owó yín, kò sì sí nínú ohun tí Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé ń fẹ́. Ṣájà irú ẹ̀ lè tó 150W tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti àwọn tí mo dárúkọ, 45W tàbí 65W ni. Ní ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, ìyẹn nìkan tó láti fi parí ẹjọ́.

Bàbá Tíṣà, Mọ̀pà

Onísódà, o ṣeun, àmọ́ o ò sọ nǹkan kan nípa Chromebook tí àbúrò ọkọ wọn dárúkọ. Ọmọbìnrin mi ń fi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ̀, kò sì fún mi ní wàhálà rí. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, fáírọ́ọ̀sì kì í sábà wọ ibẹ̀.

Onísódà Kàbbà

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, fún nọ́ọ̀sì ó dára. Ẹni tó fẹ́ ka PDF, tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá, tó fẹ́ wo fídíò ẹ̀kọ́, Chromebook tó o, kódà èyí tó ní 4GB. Mi ò kórìíra rẹ̀.

Ti Dámi ló yàtọ̀. Chromebook kì í lo Windows, ChromeOS ti Google ló ń lò. Bó bá dé ibi ìṣirò, wọ́n á ní kó lo àwọn ètò ìṣirò bíi EViews, Stata tàbí SPSS, kò sì sí èyí tí ẹ lè gbé sórí Chromebook nínú wọn bí ẹ ṣe ń gbé e sórí Windows. Excel orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò máa lò, ìyẹn sì ń jẹ dátà.

Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á, ohun méjì ni kó wò. Chromebook kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí Google yóò dá àtúnṣe rẹ̀ dúró. Inú Settings, níbi tí wọ́n kọ About ChromeOS sí, lẹ ó ti rí i. Èkejì, púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ rẹ̀ ló jáde láti ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà. Bí ilé-ìwé yẹn kò bá tíì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn, ẹ ó tàn án, orúkọ ilé-ìwé wọn ni yóò yọ síwájú yín, á ní kí ẹ fi íméèlì akẹ́kọ̀ọ́ wọn wọlé. Kò sí irin iṣẹ́ tí mo fi ń ṣí ìyẹn.

Tóbi, Lọ́kọ́jà

Ẹ káàsán mà. Èmi náà ń ka Ìmọ̀ Ọrọ̀ Ajé níbí, mo ti pé ọdún kẹta. Ní ọdún àkọ́kọ́ fóònù ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí Dámi fi ìkánjú sọ yín sínú gbèsè. Ẹ sọ fún un pé kó wá èyí tó ń lo ṣájà ẹnu C (USB-C), bíi X280 tí bọ̀ọ̀dá dárúkọ. Mo lè yá ṣájà ẹlòmíì ní kíláàsì, mo sì lè fi pawa báǹkì ńlá ṣá a nígbà tí kò bá sí iná, àfi kí pawa báǹkì ọ̀hún lè gbé 45W jáde.

Lọ́kọ́jà gbóná mà. Kó má gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì ṣiṣẹ́, fóòmù á dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Kó má sì fi í sílẹ̀ nínú yàrá bó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí, mi ò ní ṣàlàyé.

Ìyá Dámi, Ìsánlú

Ẹ ṣeun o, Olúwa á bù kún un yín. Ọ̀rọ̀ odó yẹn ló yé mi jù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó ní òun á lọ bá mi rà á ní Computer Village, kí òun fi ránṣẹ́ sí mọ́tò. Àbí kí n lọ sí Ìlọrin, àbí Lọ́kọ́jà náà ni? Báwo ni n ó sì ṣe mọ̀ pé èyí tí wọ́n gbé fún mi dára?

Onísódà Kàbbà

Ìlú kọ́ ni mo ń wò, ojú yín ni. Ibi tí ẹ̀yin àti Dámi ti lè jókòó tì í fún wákàtí kan kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ lọ. Bí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín bá mọ ohun tó ń wò, kò burú. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má rà á láti òkèèrè.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ bá jà, torí òun ni tòkunbọ̀ fi ń jẹ owó lẹ́yìn. Kí Dámi ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, kó tẹ powercfg /batteryreport. Á sọ ibi tó tọ́jú ìwé kan sí, kó ṣí i. Yóò rí Design Capacity, ìyẹn agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, ìyẹn èyí tó kù. Bí èyí tó kù kò bá tó ìdajì, ẹ sọ pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ owó bátìrì kúrò. Ẹni tó ń tà á lè ní wákàtí márùn-ún ló ń lò. Ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tẹ ohun tí mo sọ.

Lẹ́yìn náà, kó pa á, kó tún tàn án, kó máa tẹ F10 bó bá jẹ́ HP, F2 fún Dell, F1 fún Lenovo. Ibi ètò inú rẹ̀ ló yẹ kó ṣí. Bó bá béèrè pásíwọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ dìde. Ilé iṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló ti í pa.

Ìyókù kò le. Kó ṣí Notepad kó tẹ gbogbo lẹ́tà níkọ̀ọ̀kan. Kó wo Task Manager fúnra rẹ̀ bóyá 8GB àti SSD lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Kó ki fíláàṣì bọ gbogbo ojú ihò, kó wo kámẹ́rà, kó sì gbé ojú ìwé funfun sí i kó lè rí bí ibì kan bá dúdú. Ẹ gba rísíìtì tí wọ́n kọ nọ́mbà ara ẹ̀rọ náà sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn kọ “laptop 1” sí.

Bí owó yín kò bá ká 830 G5, ẹ fi 7290 wé e. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ láti 8GB sí 4GB torí kí ẹ lè rà èyí tó ń dán. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé àti ìṣirò bíi Word àti Excel, wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ má san owó fún ẹni tó ní òun á bá yín fi Office sí i.

Ìyá Dámi, Ìsánlú

A wà ní ṣọ́ọ̀bù kan báyìí ní Lọ́kọ́jà. Ó ní ojúlówó ni, EliteBook, 180,000 ni jálẹ̀. Dámi ti ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní kó ka ohun tó tẹ̀lé i5 fún mi, ó ní 6300U.

Onísódà Kàbbà

Ìran kẹfà nìyẹn mà. Ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ bèèrè 8250U tàbí 8350U, bí kò bá ní, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ìyá Dámi, Ìsánlú

Ó ti ń pè wá padà. Ó ní 165,000. Mo ní kó tọ́jú rẹ̀.