Ayálégbé màámi ò sanwó, kò sì fẹ́ kó jáde, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ ilé màámi tó wà l'Ókè-Báálẹ̀ níbí l'Óṣogbo ni mo gbé wá. Bàámi ló kọ́ ọ kí wọ́n tó kú, owó ilé yẹn ni màámi fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi ni mo wá ń bá wọn bójú tó o báyìí torí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n rìn káàkiri mọ́. Bàbá kan wà nínú rúùmù àti pálọ̀ tó kọjú sí títì, ọdọọdún ló ń san tẹ́lẹ̀, àmọ́ ó ti lé lọ́dún kan báyìí tá ò rí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí mo bá béèrè á ní ọjà ò tà, tó bá sì ti rí i pé mi ò sí nílé á lọ dọ̀bálẹ̀ fún màámi, wọ́n á wá máa bẹ̀ mí pé ọlọ́mọ ni, kí n ṣe sùúrù.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni pé ó ti fi pálọ̀ yẹn gba àwọn ọmọ UNIOSUN méjì sílé, ó ń gbowó lọ́wọ́ wọn, òun àtìyàwó àtọmọ wá há mọ́ inú rúùmù kan! Àwọn ọmọ yẹn fúnra wọn ló sọ fún mi nígbà tí wọ́n wá béèrè ẹni tó máa bá wọn tún ìlẹ̀kùn ṣe. Kò sí àgírímẹ́ǹtì kankan, ọ̀rọ̀ ẹnu ni òun àti màámi jọ sọ. Àbúrò mi ní òun máa wá yọ páànù orí ibẹ̀ kí òjò lé e jáde. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Kí ni ká ṣe?

Alhaji Alẹ́kúwodò: Ọmọ mi, o ti ń ro ó jù. Gé iná ẹ̀, yọ ìlẹ̀kùn, kó o mú ọlọ́pàá kan dání lọ síbẹ̀, kò ní pẹ́ tó máa kó. Ilé yín kọ́ ni?

Lọ́yà Ìlú Aró: Alhaji, ẹ má bínú sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú ẹ̀ o. Tẹ́ ẹ bá yọ páànù tàbí tẹ́ ẹ gé iná, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé lẹ máa wá di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́, òun tó jẹ gbèsè á sì máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, òfin ọlọ́pàá ti 2020 ti sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́.

Ọ̀nà tó wà rèé. Àìsí ìwé ò bà á jẹ́, ọdọọdún tó ń san ló fi hàn pé ayálégbé ọdọọdún ni, nótíìsì oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí i. Ó sì dáa kí nótíìsì yẹn parí lọ́jọ́ tí ọdún ilé ẹ̀ ń parí, torí náà ẹ béèrè oṣù tó wọlé lọ́wọ́ màmá. Tí oṣù mẹ́fà bá pé tí kò jáde, ẹ tún fún un ní nótíìsì ọlọ́jọ́ méje pé ẹ ń lọ gba ilé yín, lẹ́yìn náà ló kan kọ́ọ̀tù májísíréètì. Ibẹ̀ lẹ ti máa béèrè ilé, gbèsè tó wà nílẹ̀, àti owó gbogbo ọjọ́ tó bá tún fi jókòó síbẹ̀. Supreme Court náà ti bá àwọn ayálégbé wí ní 2021, àwọn tó ń wá àléébù sínú nótíìsì kí wọ́n lè máa gbé ilé onílé lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ ṣe tiyín ní jákujàku.

Màmá Ìgbọ̀nà: Kọ́ọ̀tù dáa, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́, lọ́yà náà máa gbowó. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ló pè wá jókòó, mo fi ìdajì gbèsè jì í pé kó ṣáà máa lọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i, àwọn àgbà méjì jẹ́rìí, ó sì lọ lọ́jọ́ tó dá. Ó dùn mí o, owó mi ni, ṣùgbọ́n mo ti gba ẹlòmíì sílé kó tó di pé ẹjọ́ ì bá bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ ẹ tètè fún un ní nótíìsì yẹn náà o, kó má bàa jẹ́ pé ìpàdé lẹ máa fi gbogbo ọdún ṣe.

Ayálégbé Lèmi Ní Tèmi: Ayálégbé lèmi, mo sì mọ̀ pé ohun tó ṣe ò dáa. Àmọ́ ẹ béèrè ohun tó ṣe iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tó sún ìyàwó àtọmọ sínú rúùmù kan torí owó, nǹkan ti le fún un. Àwọn ọmọ iléèwé yẹn náà, ẹ má lé wọn síta láàárín ìdánwò, owó tí òbí wọn fi ránṣẹ́ ni wọ́n san.

Àbíkẹ́ Old Garage: Ẹ lọ wo mítà! Irú wọn máa ń fa wáyà gba ẹ̀yìn mítà, táwọn oníná bá dé, ẹ̀yin onílé ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Ọmọ Òkè-Báálẹ̀: Ẹ ṣé gan ni, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Mo ti pe àbúrò mi pé kó fi páànù sílẹ̀. Màámi ní àsìkò ọdún Ọ̀ṣun ló kó wọlé, oṣù kẹjọ nìyẹn. Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ iléèwé yẹn tààrà? Tí bàbá yẹn bá sì mú owó díẹ̀ wá ńkọ́?

Lọ́yà Ìlú Aró: Ẹ má gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn, wọ́n á ní ayálégbé yín làwọn náà, ẹjọ́ á wá di méjì. Tí bàbá bá mú owó wá, gbèsè àtẹ̀yìnwá ni kẹ́ ẹ kọ sínú rìsíìtì, pẹ̀lú oṣù tó wà fún, ẹ má kọ owó ọdún tuntun rárá, kó má bàa sọ pé ẹ ti tún ilé gbé fún un. Oṣù kẹjọ tó wọlé yẹn, oṣù kẹjọ náà lọdún ẹ̀ ń pé, lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó wọlé, ẹ rí i pé nótíìsì dọ́wọ́ ẹ̀ kí oṣù kìn-ín-ní tó tán. Ẹ̀dà kan ni kó fọwọ́ sí, tó bá kọ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀.