Fiber kì í ṣe ‘fọ́nrán’: ẹ jẹ́ ká gbé ‘ayàgò’ yẹ̀ wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀ o.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí: à ń wá orúkọ fún fiber (iṣẹ́ kékeré inú kọ̀ǹpútà tó lè dúró láàárín, kó tún máa bá a lọ láti ibi tó dúró sí) àti fún non-blocking I/O (kíkà tàbí kíkọ dátà láìjẹ́ pé ẹni tó pè é dúró dè é) nínú àwọn èdè kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbọ́n wa kan mú ‘fọ́nrán’ wá fún fiber, ó sì mú ‘àìdínà’ wá fún non-blocking. Ẹlòmíì ní ‘ayọ̀ǹda’ ló sàn ju fọ́nrán lọ. Ẹnìkẹta ní ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ká kọ ọ́ ní ‘fáíbà’, kó parí síbẹ̀. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú fáíbà kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ fáíbà l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn lónìí, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló máa wá sí i lọ́kàn, èyí tí àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà máa ń gé. Bí a bá wá kọ ọ́ pé ‘fáíbà náà ń dúró de dátà’, ta ló máa mọ èyí tí à ń sọ? Irú ìyọnu yìí kan náà ló wà lára fọ́nrán. Àwọn oníròyìn ti gbà á fún fídíò àti ohùn tí wọ́n ká sílẹ̀. ‘Fọ́nrán náà dúró lójijì’: fídíò ló dúró yẹn.

Ká tilẹ̀ ní kò tíì sẹ́ni tó gba fọ́nrán, mi ò ní gbà á. Àwòrán aṣọ híhun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé. Wọ́n ti pe ọ̀wọ́ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe tẹ̀ léra ní thread, ìyẹn òwú (mi ò bá òwú jà, ó ti wọlé láàárín wa), wọ́n wá ń wá ohun tó tín-ín-rín ju òwú lọ. Ṣùgbọ́n fọ́nrán púpọ̀ la máa ń ran pọ̀ kó tó di òwú. Nínú kọ̀ǹpútà, a ò ran nǹkan kan pọ̀. Òwú kan ṣoṣo ló wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fiber sì lè máa gba orí ẹ̀ kọjá, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Lórí Windows, ConvertThreadToFiber ni function (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ) tí ènìyàn máa ń pè kó tó lè lo fiber. Òwú fúnra rẹ̀ ló ń di fiber níbẹ̀! Àwọn tó ni èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ń sá fún orúkọ náà. Nígbà tí àwọn tó ń ṣe Java bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Project Loom, fiber ni wọ́n ń pe nǹkan yìí. Nígbà tó fi máa jáde nínú JDK 21 (ẹ̀dà Java kan), ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ó ti di virtual thread. Kí ló wá kàn wá nínú àwòrán tí àwọn tó yà á ti pa tì?

Ẹ wo ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Ruby ni mo fi kọ èyí:

f = Fiber.new do
  puts "ìdajì àkọ́kọ́"
  Fiber.yield
  puts "ìdajì kejì"
end

f.resume
puts "ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́"
f.resume

Bí ẹ bá ṣe é, ‘ìdajì àkọ́kọ́’ ló máa kọ́kọ́ jáde, ‘ẹlòmíì ń ṣiṣẹ́’ á tẹ̀ lé e, ‘ìdajì kejì’ á wá gbẹ̀yìn. Fiber náà ṣiṣẹ́ dé àárín, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹlòmíì kọjá, òun náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fi iṣẹ́ sí gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó tì í. Ibi tí òun àti òwú ti yàtọ̀ nìyẹn, torí òwú kì í pinnu ìgbà tó máa dúró. Linux tàbí Windows, ìyẹn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, lè já a gbà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n.

Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tó bá ṣe báyìí: ó yàgò. Ẹni tó yàgò kò padà sílé, kò sì pa ìrìn àjò rẹ̀ tì. Ó kàn fún ẹlòmíì láyè ni, lẹ́yìn náà á máa bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà mo mú ‘ayàgò’ wá fún fiber, ‘yàgò’ fún yield, ‘padà sójú ọ̀nà’ fún resume. Yọ̀ǹda ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí bàbá kan bá yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ìjọ, kò ní wá dáko níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Fiber kì í mú ọwọ́ kúrò.

Wọ́n ti ní yàgò le létí, pé ẹni tó kéré ló ń yàgò fún ẹni tó jù ú lọ, pé egúngún ni wọ́n ń yàgò fún. Mi ò gbà. Aláàárù tó ru àpò ìrẹsì nínú ọjà, tó ń pariwo ‘ẹ yàgò o’, ṣé ó ju alájàpá tó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ ni? Ẹni tọ́rọ̀ kàn lásìkò yẹn ni wọ́n ń fún lọ́nà.

Àtakò kejì ló ní laárí. Arábìnrin kan níbí bèèrè pé: ẹni tó yàgò, ó yàgò nítorí ẹlòmíì ń bọ̀. Fiber ń kọ́? Kì í ṣe pé ohun tó ń dúró dè ò tíì dé ló fi yà? Òótọ́ ni. Láti Ruby 3.0, tó jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 2020, fiber tó ní scheduler (ohun tó ń pinnu ẹni tó kàn láti ṣiṣẹ́) lè dé ibi tó ti fẹ́ ka socket (ojú ibi tí dátà ń gbà wọlé láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), kó bá a pé dátà ò tíì dé, kó sì kúrò lọ́nà láìjẹ́ pé ẹni tó kọ kóòdù kọ yield síbì kankan. Ìdúródè ló fà á. Ṣùgbọ́n ohun tó fà á yàtọ̀ sí ohun tó ṣe. Ohun tó ṣe ni orúkọ rẹ̀, ohun tó fà á ni blocking, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ‘dínà’ ti kọsẹ̀.

Ẹni tó dínà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló dí lọ́wọ́. Blocking read (read ni àṣẹ tí a fi ń ka dátà) ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó pè é gan-an ló mú mọ́lẹ̀: òwú pe read, dátà ò sí, Linux ní kó lọ sùn títí dátà á fi dé. Ó dá a dúró. Mo fẹ́ kí blocking jẹ́ ‘adánidúró’, kí non-blocking jẹ́ ‘aláìdánidúró’. Ó gùn, mo mọ̀.

Ìdí tí mo fi fara mọ́ ọn rèé. ‘Dá dúró’ máa ń bèèrè ẹni tí wọ́n dá dúró, ìbéèrè yẹn gan-an sì ni àríyànjiyàn yìí. Bí ayàgò bá ń ka socket, kóòdù rẹ̀ rí bí ẹni pé ó ń dúró, ó sì ń dúró lóòótọ́: ìlà tó kàn ò ní ṣiṣẹ́ àfi tí dátà bá dé. Ṣé adánidúró ni àbí òun kọ́? Ó dá ayàgò dúró, kò dá òwú dúró. Òwú ti gbé ayàgò mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì fi ‘non-blocking’ bo èyí mọ́lẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń bi ara wọn pé báwo ni nǹkan tó ń dúró ṣe jẹ́ non-blocking. Ní tiwa, a lè kọ ‘adá-ayàgò-dúró’ àti ‘adá-òwú-dúró’ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ká sì fẹnu bà á láìdààmú.

Ẹ má sì jẹ́ ká pa non-blocking pọ̀ mọ́ asynchronous, bí àwọn méjì kan ti ṣe nínú ìjíròrò yìí. Ẹ wo ìdí ẹ̀rọ ata. O gbé igbá ata dé, o bá èrò níbẹ̀. O lè dúró títí wọ́n á fi lọ̀ ọ́: adánidúró nìyẹn. O lè bèèrè pé ‘ṣé ó ti kàn mí?’, kí wọ́n ní ‘ó tì o’, kí o gbé igbá rẹ lọ ra ẹja, kí o tún padà wá bèèrè: aláìdánidúró nìyẹn. O sì lè gbé igbá kalẹ̀ fún ẹni tó ń lọta, kí o ní kó rán ọmọ wá pè ọ́ tó bá ti lọ̀ ọ́ tán. Ẹ̀kẹta yìí ni asynchronous, mo sì ń pè é ní ‘àfàlé’, torí pé a fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́.

Nínú kọ̀ǹpútà, ‘ó tì o’ ti ẹ̀ẹ̀kejì ní orúkọ: EAGAIN. Ènìyàn fi O_NONBLOCK (àmì tó ní kí socket má dá ẹni tó pè é dúró) sára socket, ó pe read, dátà ò sí, read dá -1 padà lójú ẹsẹ̀, EAGAIN sì wà nínú errno, ibi tí wọ́n ń kọ irú àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ sí. Padà wá. Kí ènìyàn má baà máa bi ẹgbẹ̀rún socket léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan ni Linux ṣe ní epoll, tó ń sọ socket tó ti ní dátà, tí FreeBSD (ètò mìíràn bíi Linux) sì ní kqueue. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni io_uring ń ṣe, èyí tó wọ Linux 5.1 ní 2019.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ‘kíkà fáìlì aláìdánidúró’ sínú ìwé, kó rọra o. Lórí Linux, O_NONBLOCK kì í ṣe nǹkan kan fún fáìlì lásán lórí dísìkì. Epoll tiẹ̀ máa ń lé e padà pẹ̀lú àṣìṣe tó ń jẹ́ EPERM. Node.js (ohun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ kóòdù JavaScript) tí gbogbo ayé ń yìn fún non-blocking, àwọn òwú mẹ́rin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bá a ka fáìlì, tí wọ́n sì ń dúró lórúkọ rẹ̀. Bí o ò bá yí UV_THREADPOOL_SIZE, tó ń sọ iye òwú náà, padà, mẹ́rin náà ni.

Coroutine ń kọ́? Ayàgò gbà á mọ́ra, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí Lua pè ní coroutine ni Ruby àti PHP 8.1 pè ní fiber, ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó nǹkan. Generator ti Python ni mi ò ní kó mọ́ wọn, torí pé inú function tirẹ̀ nìkan ló ti lè yàgò. Ayàgò ní stack tirẹ̀ (àkọsílẹ̀ àwọn function tí wọ́n pè tí wọn ò tíì parí); ó lè wà nísàlẹ̀ function mẹ́wàá tó ń pe ara wọn, kó sì yàgò láti ibẹ̀.

Scheduler ló kù. Wọ́n ti ní ‘olùṣètò’, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ kóòdù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè bẹ́ẹ̀, á sì dàrú mọ́ wa lójú. ‘Apínṣẹ́’ ni mo ní lọ́wọ́. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, torí scheduler kì í pín iṣẹ́ tuntun. Ẹni tó yàgò ló ń pè padà tí àyè rẹ̀ bá ṣí. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó fi gbólóhùn méjì tó ti lò ó ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ká lè gbọ́ bó ṣe dún lẹ́nu.