Ṣé mezze àwọn ará Lẹ́bánónì lè pé láìsí ẹran àti wàrà?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìjókòó o. Mo fẹ́ fi mezze ṣe ènìyàn mẹ́jọ lálejò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyẹn àwọn àwo kéékèèké tí àwọn ará Lẹ́bánónì máa ń tò sáàárín tábìlì kí gbogbo ènìyàn lè jọ máa jẹ ẹ́. Méjì nínú àwọn àlejò mi kì í jẹ ẹran, wàrà tàbí ẹyin. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, tábìlì náà yóò ṣófo.

Ìdáhùn kìíní
Ẹ má fòyà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn Kristẹni Lẹ́bánónì ti ń se oúnjẹ tí kò lẹ́ran nínú nígbà ààwẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, siyami ni wọ́n sì ń pè é. Ẹran lílọ̀ tí wọ́n po mọ́ àlìkámà wẹ́wẹ́ ni kibbeh sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kibbeh kan tí wọ́n ń fi àlìkámà wẹ́wẹ́ ṣe láìfi ẹran sí i. Orúkọ tí wọ́n fún un túmọ̀ sí kibbeh ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ewé àjàrà ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rò. Èyí tí wọ́n di ẹran sínú rẹ̀, gbígbóná ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Èyí tí wọ́n di ìrẹsì, tòmátì àti ewé parsley sí, tí wọ́n fi òróró ólífì àti omi ọsàn kíkan sè, tútù ni, ó sì máa ń dùn sí i bí ó bá sun ọjọ́ kan.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún mutabbal, ìyẹn ìgbá (ikàn) sísun tí wọ́n gún, nítorí àwọn kan máa ń po yúgọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Ẹ sun ìgbá náà lórí iná gan-an títí èèpo rẹ̀ yóò fi jóná, kí ẹ tó gún un pẹ̀lú yànmọ̀tí lílọ̀ àti áyù, torí èéfín yẹn ni adùn rẹ̀. Ní ti tabbouleh, ìyẹn sàláàdì ewé rírẹ́ wẹ́wẹ́, ewé parsley ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe àlìkámà.

Ìdáhùn kẹta
Mo bẹ̀ yín, ẹ má se ju oríṣi mẹ́fà lọ. Ẹ bu oríṣi kọ̀ọ̀kan sí àwo méjì, kí ẹ gbé ọ̀kan sí ìhà kọ̀ọ̀kan tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má baà nàgà kọjá ẹlòmíràn. Àwọn tútù ni kí ó ṣáájú, kí falafel gbígbóná, ìyẹn àkàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà chickpea dín, tẹ̀ lé e nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ wọ́n lára. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni kí wọ́n máa fà ya láti fi bu hummus, ìyẹn ẹ̀wà chickpea tí wọ́n sè tí wọ́n sì lọ̀ kúnná.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni n ó di ewé àjàrà náà.