Èsì: “Àrùn ìṣekúṣe” kọ́, “ẹ̀jẹ̀ burúkú” náà kọ́

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú àríyànjiyàn o.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ, mi ò sì fẹ́ dá sí i, torí ògbufọ̀ ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ọ̀rọ̀ alẹ́ àná ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: fọ́ọ̀mù ìwádìí kan ni a fẹ́ kọ ní Yorùbá. Ìwádìí náà dá lórí àrùn awọ ara àti àwọn àrùn tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀. Aláìsàn ni yóò ka fọ́ọ̀mù náà kó tó pinnu bóyá òun yóò kópa. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí á pe apá kejì ní “àrùn ìṣekúṣe”, pé ohun tí tọmọdé tàgbà ń pè é nìyẹn. Àǹtí wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì yarí. Wọ́n ní ìyẹn ti le jù, kí á kúkú kọ “àìsàn abẹ́” kó parí síbẹ̀.

Ẹ má bínú, mi ò bá ẹnì kankan lọ nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. “Ìṣekúṣe” ti dá ẹjọ́ kó tó sọ orúkọ àrùn. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kó o ràn nínú ilé, ìṣekúṣe wo ló ṣe? Ọmọ tí sífílísì (rẹ́kórẹ́kó) ti bá nínú oyún ńkọ́? Ẹ sì wo ohun tí yóò fà fún ìwádìí fúnra rẹ̀. Ní ìlà kìíní, fọ́ọ̀mù ní “àrùn ìṣekúṣe”, ní ìlà kẹrin, ó béèrè pé “Ǹjẹ́ ẹ ti ní i rí?” Ta ni yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni?

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ a tún máa bá oníwàdìí wá ibi tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ lé. Albert Neisser, ará Jámánì tó rí kòkòrò àtọ̀sí ní 1879, fún àwọn obìnrin kan ní abẹ́rẹ́ ní 1892. Omi tí wọ́n yọ lára ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní sífílísì ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ó ń wò ó bóyá yóò dènà àrùn. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí sífílísì wá yọ lára àwọn kan nínú wọn, ohun tó sọ ni pé aṣẹ́wó ni wọ́n, pé ẹnu iṣẹ́ wọn ni wọ́n ti kó o. Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ tí “ìṣekúṣe” máa ń ṣe nìyẹn.

Ti Àǹtí wa ló ṣòro, nítorí àánú ló bí i. Ṣùgbọ́n abẹ́ kan náà ni làpálàpá ń yọ sí, abẹ́ kan náà ni eéwo ń sọ sí. Nínú fọ́ọ̀mù tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ti awọ ara, báwo ni aláìsàn yóò ṣe mọ èyí tí à ń bi í? Àwọn àgbà ní àdàpè olè ni “ọmọ mi ń fẹ́wọ́”. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí irú àdàpè bẹ́ẹ̀ gbé àwọn kan dé.

Ní 1932, iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní agbègbè Macon, ní Alabama, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí ti Tuskegee. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 ni wọ́n kó jọ. 399 nínú wọn ní sífílísì, 201 kò ní in. Wọn kò sọ orúkọ àrùn náà fún àwọn tó ní in. “Ẹ̀jẹ̀ burúkú” ni wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n jókòó hun ọ̀rọ̀ yìí o. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń lò ó tẹ́lẹ̀ fún oríṣiríṣi: àárẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀, sífílísì náà. Orúkọ tó rọ̀ lẹ́nu, tí kò ti ẹnikẹ́ni lójú. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fa omi láti ọ̀pá ẹ̀yìn wọn, wọ́n ní ìtọ́jú ọ̀fẹ́ pàtàkì ni. Nígbà tó fi máa di 1947, pẹnisílíìnì ti di oògùn tí àwọn dókítà fi ń wo sífílísì. Wọn kò fún wọn. Ìgbà tí ìwé ìròyìn tú u fó ní 1972 ni wọ́n tó dáwọ́ ìwádìí náà dúró. Ogójì ọdún gbáko.

Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ òun ló burú, kí ni yóò lọ béèrè lọ́wọ́ dókítà mìíràn? Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó lè ran ìyàwó òun? Nítorí náà, bí ẹ bá rí mi tí mò ń gbógun ti “àìsàn abẹ́”, kì í ṣe àfojúdi, Àǹtí mi.

“Àkóràn ìbálòpọ̀” ni èmi fara mọ́. Níbi tí ó bá ti kọ́kọ́ jẹ yọ, kí á kọ ọ́ tán: “àkóràn tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀”. Ẹnìkan bi mí níkọ̀kọ̀ pé kí ló dé tí n kò kọ “àrùn”. Ìdí ni pé àrùn a máa yọjú. Ẹni tí àrùn ń ṣe mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Kòkòrò chlamydia lè wà lára obìnrin fún ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ́ pé ibì kankan ń dùn ún, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa ran ẹlòmíràn. Ó ti kó o, kò tíì ṣàìsàn. “Àkóràn” gba èyí mọ́ra, “àrùn” kò gbà á. Ìdí kan náà ló jẹ́ kí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí àkóràn rọ́pò èyí tó túmọ̀ sí àrùn nínú orúkọ tiwọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ pa èyí tó ń tọ́ka sí Venus, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù, tì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2020 nìkan, àkóràn tuntun mílíọ̀nù 374 ló wáyé láti ara mẹ́rin péré nínú wọn: chlamydia, àtọ̀sí, sífílísì àti trichomonas. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó wọn kò mọ̀ rárá.

Ó kan àtọ̀sí wàyí. Ẹnìkan kọ ọ́ síbí pé láti ara “àtọ̀” ló ti jáde, pé àwọn àgbà rò pé àtọ̀ ló ń dà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò dá nìkan ṣì í. Àwọn Gíríìkì náà pè é ní “ìṣàn irúgbìn”, orúkọ yẹn sì ni àwọn dókítà ṣì ń lò káàkiri ayé, nígbà tó jẹ́ pé ọyún lásán ni. Ọ̀rọ̀ lè ṣìnà níbẹ̀rẹ̀ kó sì wúlò títí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa àtọ̀sí ni bí ó ṣe gbòòrò tó. Àwọn kan ń fi pe ohunkóhun tó bá ta ni nígbà tí a bá ń tọ̀. Ẹ sì rántí “àtọ̀sí ajá”, èyí tí ènìyàn ń tọ ẹ̀jẹ̀: aràn inú omi ló ń fà á, kò bá ìbálòpọ̀ tan rárá. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti ṣubú sínú irú kòtò yìí rí. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, John Hunter, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, ń kọ́ni pé àrùn kan náà ni àtọ̀sí àti sífílísì. 1838 ni Philippe Ricord ní Faransé tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kedere. Nítorí náà, kí àtọ̀sí dúró fún àtọ̀sí nìkan nínú fọ́ọ̀mù yìí. Sífílísì ni kí á kọ fún ìkejì, kí á fi rẹ́kórẹ́kó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí àwọn àgbà.

Níbi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ni ìlà kẹfà. Ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ni: “Ǹjẹ́ ẹ ní ọgbẹ́ kankan lójú ara? Ṣé ó ń dùn yín? Ṣé ó ti san?” Mo ka gbólóhùn yìí sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi létí láìsọ ohun tó wà fún. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ọgbẹ́ kẹ̀? Ta ló gé mi?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó gé ni ló ń dá ọgbẹ́ síni lára. Egbò ló ń ti inú ara yọ. Egbò ni ti sífílísì, ó sì ní àrékérekè tirẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọlé ni ó sábà máa ń yọ, ó máa ń le létí, kì í sì í sábà dunni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, á lọ fúnra rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ fi nǹkan kan sí i.

Ẹ wá wo “san”. Bí ẹ bá bi aláìsàn bóyá ó ti san, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti san. Kò parọ́, ṣùgbọ́n kò san. Egbò náà jinná ni; àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan á sú sí i lára, títí kan àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, á wá gba ọ̀dọ̀ onímọ̀ awọ ara lọ láìrántí egbò ọjọ́sí. (Ìdí nìyí tí awọ ara àti àkóràn ìbálòpọ̀ fi wà lábẹ́ òrùlé kan ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn àgbáyé. Ẹnìkan ní kò bára mu. Ó bára mu.) Yorùbá ti ya “jinná” sọ́tọ̀ kúrò lára “san” fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, àwa la kọ̀ tí a kò lò ó. Ẹ jẹ́ kí ìlà kẹfà kà báyìí: “Ǹjẹ́ egbò kan ti yọ sí ojú ara yín rí, bí kò tilẹ̀ dùn yín? Ṣé ó ti jinná?”

“Kògbóògùn” fún HIV, kí á yọ ọ́. Ó bá ìgbà rẹ̀ mu, ìgbà ti yí padà. Láti 1996 ni àpapọ̀ oògùn ti ń ká kòkòrò náà lọ́wọ́ kò, ẹni tó sì ń lò ó déédéé títí àyẹ̀wò kò fi rí kòkòrò náà lẹ́jẹ̀ mọ́ kì í kó o ran ẹni tó bá bá lòpọ̀. Ẹ ó wá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn, ẹ ó sì kọ “kògbóògùn” sára fáìlì rẹ̀?

Ó ku àwọn ọ̀rọ̀ ìwádìí. “Ìdánwò afọ́jú” fún èyí tí aláìsàn àti dókítà kò ní mọ ẹni tó gba oògùn gidi: ẹ jọ̀ọ́, ìpara ni oògùn tí a fẹ́ dán wò, àwọn kan yóò pa á sójú. Ta ni yóò fọwọ́ sí ìpara ojú tí wọ́n kọ “afọ́jú” sí? Mo dábàá “bojúbojú”. Ẹ ó ní eré ọmọdé ni. Òun gan-an ni mo fẹ́: ẹni tó bojú mọ̀ pé òun yóò ṣíjú bí eré bá parí, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń tú àṣírí nígbà tí ìwádìí bá parí.

“A ó dìbò pín yín”, fún bí a ó ṣe pín àwọn aláìsàn sí ẹgbẹ́ láìṣe ojúsàájú, kò dáa, wọ́n á rò pé olùdíje ni àwọn. “Ṣẹ́ kèké” wà nínú Bíbélì, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n: “kọ̀ǹpútà ni yóò ṣẹ́ kèké”. “Ayédèrú oògùn” fún plasíbò (èyí tó jọ oògùn ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú), mo kọ̀ ọ́ pátápátá, ọ̀daràn ló ń ta ayédèrú. “Òfìfo” náà kò bá a mu nínú ọ̀rọ̀ awọ ara, torí ìpara tí kò ní oògùn nínú ṣì lè mú kí awọ gbígbẹ rọ̀, kí yíyún dín kù. “Afarajọ-oògùn” ni tèmi.

“Ìfọwọ́sí” ni ẹ fi parí rẹ̀, fún gbígbà tí aláìsàn gbà láti kópa. Ọwọ́ ni ìyẹn ń sọ, kò sọ bóyá ó yé ẹni tó ni ọwọ́. Ní Norway, Armauer Hansen, ẹni tó rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ní 1873, fi nǹkan tó yọ lára aláìsàn kan gún ojú obìnrin mìíràn ní 1879 láìgba àṣẹ rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, wọ́n sì gba ipò rẹ̀ nílé ìwòsàn. Ẹni tó rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ rí ẹ̀tẹ́. (Ẹ bá mi fi àmì ohùn sí méjèèjì dáadáa nínú fọ́ọ̀mù.) Lẹ́yìn ọ̀ràn Neisser, ìjọba Prussia, ní Jámánì, pàṣẹ ní 1900 pé kí wọ́n ṣàlàyé ewu fún ènìyàn kó tó gbà. Àlàyé ló ṣáájú, gbígbà ló tẹ̀ lé e. “Àgbọ́yé-gbà” ni mo fi rọ́pò ìfọwọ́sí: ó gbọ́, ó yé e, ó gbà. Kí ìfọwọ́sí wà nísàlẹ̀ ibi tí wọn ó kọ orúkọ sí.

Ìlà keje ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu: “Láti 0 dé 10, báwo ló ṣe ń yún yín tó?” Ẹni méjì tí mo bi ni wọ́n ní kò yún àwọn, ó ń ta àwọn ni, ẹnì kan ní ó ń rìn lára òun. Ṣé kí á kọ ìlà mẹ́ta ni, àbí ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tó kó wọn pọ̀?