Ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ látìgbà tí mo ti ń lo oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì: ṣé kí n jáwọ́ ni?

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú pé mi ò fi orúkọ síta. Aránṣọ ni mí, ní Òṣogbo, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Látìgbà tí bàbá wa ti kú ni ara mi ò ti lélẹ̀ mọ́: oorun ò wá, oúnjẹ ò wù mí, ẹkún ṣáá. Dókítà ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, ó kọ amitriptyline 25mg fún mi, ẹyọ kan lálẹ́. Ọjọ́ kọkànlá rèé.

Oorun ti dé o, ó tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ á lù kí ojú mi tó là dáadáa. Ẹnu mi gbẹ bí ẹni tó há gààrí láìmumi. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti yàgbẹ́ kẹ́yìn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ojú: bí mo bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ńṣe ni ihò rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi ki í. Aṣọ ẹbí ogún èèyàn sì wà nílẹ̀ tí wọ́n máa gbà ní Sátidé! Ìbànújẹ́ tí mo torí ẹ̀ ń lo oògùn ṣì wà níbẹ̀ digbí. Màmá mi ní kí n kó oògùn wèrè dànù. Ṣé kí n jáwọ́?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé amitriptyline yìí náà ni wọ́n fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi nítorí ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ ń jẹ́ kó máa ta á. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní wèrè.

Bàbá Ìdúnnú: Má dá a jáwọ́ fúnra ẹ o. Èmi dán an wò, ojú mi rí i. Sertraline 50mg ni tèmi. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èébì ń gbé mi, inú ń ṣí mi; kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ó ti rọlẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta tí ara mi yá, mo ní kí ló tún kù, mo bá pa á tì lójijì. Lọ́jọ́ kẹta, òòyì dé. Bí mo bá yí ojú báyìí, nǹkan á ta mí lágbárí bí ìgbà tí iná NEPA gbé èèyàn. Mo rò pé rọpárọsẹ̀ ló fẹ́ dé. Dókítà ní oògùn tí mo já ni. Ó dá mi padà sórí ẹ̀, ó ní ó kéré tán kí n lò ó fún oṣù mẹ́fà sí i lẹ́yìn tí ara bá ti yá, ká tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí táwọn ọkùnrin ń fi pa mọ́. Ọ̀rọ̀ yàrá. Ó ń pẹ́ jù kí n tó parí, nígbà míì kò tiẹ̀ wù mí rárá. Ìyàwó mi ti ń wò mí bí ẹni tó ní àlè níta. Ojú tì mí kí n tó sọ ọ́ fún dókítà. Òun ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní ó wọ́pọ̀, ó sì yí oògùn padà.

Ọmọ Alágbo: Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ife kan péré. Ìgbẹ́ á yọ, ojú á là.

Apòògùn: Rárá o! Ọtí lórí amitriptyline, oorun ọjọ́ méjì nìyẹn, ó sì léwu. Aránṣọ wa, ẹnu gbígbẹ, ìgbẹ́ líle àti ojú bàìbàì, ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá: oògùn yìí ń dí iṣan tó ń sọ fún ẹnu kó pọ itọ́, fún ìfun kó rìn, fún ojú kó mú ohun tó sún mọ́ ọn. Ó sábà máa ń dín kù. Ẹ mumi dáadáa, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ìbẹ́pẹ, ẹ má sì fò dìde lórí ibùsùn. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó ní aago méje dípò ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Ti ìbànújẹ́, oorun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Ọkàn fúnra rẹ̀ ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba dúró o: bí ìtọ̀ bá kọ̀, bí àyà bá ń já tàbí tẹ́ ẹ bá dákú, bí ojú bá ń ro yín tó sì pọ́n, tàbí bí èrò àtipa ara yín bá wọlé. Hòsípítù ni, lójú ẹsẹ̀, kẹ́ni kan sì tẹ̀ lé yín. Láti 2004 ni Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ èrò yẹn sára àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nítorí àwọn ọmọdé, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì ju ọmọ ọdún 24 lọ kún un ní 2007.

Ibà ńkọ́? Artemether-lumefantrine tí gbogbo wa ń rà bí ẹni ra súìtì, òun àti amitriptyline lè da lílù ọkàn rú. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta oògùn kẹ́ ẹ tó gbà á, ẹ má sì fi tramadol kún un. Kẹ́ ẹ tọ́jú oògùn náà síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò lè tó. Bí wọ́n bá gbé e mì, ó ń pa èèyàn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo padà lọ rí dókítà lánàá. Aago méje alẹ́ ni mo máa ń lò ó báyìí. Ó ní tójú ò bá là tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, òun á yí i padà. Mo yàgbẹ́ láàárọ̀ yìí, ẹ bá mi yọ̀. Ọmọ iṣẹ́ ṣì ń ki òwú. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì fún Màmá. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní ṣé oògùn wèrè yẹn lè gba ẹsẹ̀ tó ń ta àwọn náà.