Àbọ̀ lórí ẹ̀dà dátábéèsì sáìtì wa: ọ̀rọ̀ ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àfẹ́rí wa. Ohun tí mo bèèrè ni ìdí tí ẹ̀dà dátábéèsì (àkójọ ìsọfúnni) sáìtì ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ní Iléṣà fi máa ń gé láàárín, bí mo bá gbà á láti ojú ìwé ìṣàkóso. PHP, èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ní gbèdéke àkókò tí wọ́n ń pè ní max_execution_time, tó ń dá iṣẹ́ dúró bí àkókò náà bá pé. Dátábéèsì wa ti tóbi ju ohun tí gbèdéke náà lè gbà lọ. Mo wá fi SSH (ọ̀nà ààbò láti darí kọ̀ǹpútà láti òkèèrè) wọ inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sáìtì wà lórí rẹ̀, mo lo mysqldump, ètò tí ń da dátábéèsì MySQL kọ sínú fáìlì, pẹ̀lú àṣẹ --single-transaction, èyí tí ń da àwọn tébù InnoDB (irú tébù kan nínú MySQL) kọ bí wọ́n ṣe rí ní àkókò kan náà, láìdí ẹni tí ń kọ nǹkan sí sáìtì lọ́wọ́. Ẹ máa wo ìparí fáìlì: bí kò bá sí «-- Dump completed» níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti gé. Mo dá tiwa padà sínú dátábéèsì òfìfo lórí kọ̀ǹpútà mi, orúkọ àwọn àgbà ẹgbẹ́ sì jáde pẹ̀lú àmì ohùn wọn pérépéré. Inú mi dùn jọjọ, nítorí a kò kọ orúkọ wọ̀nyẹn sí ibòmíràn. Ẹ ṣeun gidigidi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní kí n wo ìparí fáìlì náà.